Èmi Ni Mo Ń Palẹ̀ Ẹrù Wọn Mọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìyá mi dágbére fún ayé láìmọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun gan-an. Kì í ṣe pé n kò ṣàlàyé fún un o. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Àdìrẹ ni òun ń rẹ, Ìtòkú ni ó sì ti ń tà á, kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ tirẹ̀ tí èèyàn kò lè fọwọ́ kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, ó wá bi mí léèrè.

"Ràfíátù, iṣẹ́ wo gan-an ni ìjọba gbé lé ọ lọ́wọ́?"

"Màámi, bí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo máa ń palẹ̀ ẹrù tó fi sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mọ́."

Ó dáwọ́ aṣọ kíká dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Gbogbo ìwé tí a rán ọ lọ kà yìí, agbálẹ̀ lo wá dà?"

Kò tán síbẹ̀. Ó ròyìn mi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ó sì di pé bí mo bá ti kọjá, wọn á máa kí mi pé, "O kú iṣẹ́ ìgbálẹ̀ o, ọmọ wa!" Mo máa ń dáhùn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó yàn láàyò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: agbálẹ̀ ni mí lóòótọ́, mo sì fi iṣẹ́ náà yangàn títí dòní.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń dé. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ ni, ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà tí ó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Láti ilé wa ní Òwu, mo máa ń wọ ọkọ̀ dé Ṣàpọ́n, màá sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọmọ Kemta. Èèyàn kúkurú ni, ó fi òwú so apá kan gíláàsì ojú rẹ̀ tó ti kán. Kì í pariwo rárá. Bí inú bá ṣe ń bí i sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i, débi pé bí o bá rí i tí ètè rẹ̀ ń mì tí o kò gbọ́ nǹkan kan, kí o yáa máa bẹ̀bẹ̀. Odidi oṣù mẹ́fà ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan. Ìwé kíkọ ni mo ń kọ. Ohunkóhun tó bá ṣe lórí ẹ̀rọ, màá kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ọgọ́rin, màá kọ ìdí tó fi ṣe é, yóò kà á, yóò sì fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe.

Ní ìgbà náà, káàdì tí a lu ihò sí lára ni a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Káàdì kan fún ìlà ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á sì wà nínú páálí gígùn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé páálí kan, mo fẹ́ fi hàn pé mo lágbára, ni ó bá já mọ́ mi lọ́wọ́. Káàdì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, àwọn kan wọ abẹ́ àga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó, ó po tíì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tò ó."

"Bí mo bá bá ọ tò ó, èmi ni n ó mọ̀ ọ́n tò."

Ó jókòó síbẹ̀ títí mo fi to èyí tó kẹ́yìn. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà tọkàntọkàn. Mo ti dárí jì í báyìí.

Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá fún wa, èyí tó ní bọ́tìnnì àti ojú tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n. Àwa mélòó kan lè jọ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo nígbà kan náà, oníkálukú á tẹ orúkọ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má ṣe mí bí Màámi. Ẹ̀rọ náà kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà ni ó mọ̀, ti èèyàn ni orúkọ. Bí o bá pa orúkọ òṣìṣẹ́ kan rẹ́, onítọ̀hún kò ní lè wọlé mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì tó ti ṣe yóò ṣì wà nílẹ̀, tí nọ́mbà lásán wà lórí wọn, láìní olówó. Wọ́n á máa gba ààyè, ààyè sì wọ́n lórí ẹ̀rọ ìgbà náà ju ilẹ̀ Ìbarà lọ.

Èyí tó tún burú ni pé bí o bá fún òṣìṣẹ́ tuntun ní nọ́mbà ẹni tó ti lọ, òun ni ẹ̀rọ yóò kà sí olówó gbogbo ẹrù ìṣáájú. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Akọ̀wé tuntun kan wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì bá lẹ́tà ìfẹ́ mẹ́rìnlá tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ sí arábìnrin kan. Ó kà wọ́n tán pátá kí ó tó wá fẹjọ́ sùn. Láti ọjọ́ náà ni a ti sọ nọ́mbà tó bá padà wá bẹ́ẹ̀ ní Babátúndé. "Ẹ má bí Babátúndé fún mi nínú ọ́fíìsì yìí o," ni Ọ̀gá máa ń wí.

Òfin rẹ̀ nìyí. Ó ní bí bàálé ilé kan bá kú, wọn kì í da ẹrù rẹ̀ sí ààtàn lọ́jọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ pe ẹbí jọ. Nítorí náà, kí a tó pa fáìlì ẹni tó lọ rẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí a mú ìwé náà lọ bá òun alára tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí a bi wọ́n pé, "Ta ni ó ṣì ń lo èyí?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó fi èyí tó wúlò lé olówó tuntun lọ́wọ́, kí a tó gbá ìyókù. Ibi méje ni ó ní ẹrù ẹni tó lọ lè fara pamọ́ sí lórí ẹ̀rọ náà, ó sì fi dandan lé e pé kí n mọ̀ wọ́n lórí bí ọmọ ilé kéú ṣe ń mọ Fátíhà. Ìkẹrin nínú wọn ni ibi tí ìwé ti ń dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí o bá ní kí wọ́n tẹ fáìlì kan jáde, ẹ̀rọ yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀dà náà yóò sì wà níbẹ̀ títí tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí a sì tún ẹ̀rọ tàn, fúnra rẹ̀ ni yóò gbá ibẹ̀ mọ́ féfé.

Mo mọ iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti wọlé.

Àwọn ìbejì kan wà lọ́dọ̀ wa, Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ Òwu bíi tèmi. Àwọn ni wọ́n ń tẹ máàkì sínú ẹ̀rọ. Kẹ́hìndé ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù, nítorí náà òun ni wọ́n gbé èsì ìdánwò àṣekágbá ọdún náà fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti parí ti ilé ẹ̀kọ́ kan, a ó dá ìwé máàkì wọn padà sí ọ̀dọ̀ wọn, ní Ìlaró, ní Ìjẹ̀bú, níbi gbogbo. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni a ó lẹ èsì náà mọ́ ògiri, èsì yìí sì ni wọn yóò fi pín àwọn olùkọ́ tuntun sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ọdún kan ti ṣòfò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà pátápátá ọ́fíìsì wa nígbà náà jẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n gbà fún ọdún díẹ̀. Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ìwé pélébé kan dé orí tábìlì mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ohun tó sì sọ ni pé ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ìbejì náà ń lọ sí ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí n sì palẹ̀ fáìlì rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Ṣówándé ti lọ sí Ìbàdàn láti àárọ̀. Inú mi dùn. Mo ní kí ó tó dé, iṣẹ́ á ti parí, á wá mọ̀ pé mo ti dàgbà.

Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì? Ọmọ Yorùbá wo ni a ń bi nírú ìyẹn? Kẹ́hìndé ni. Òun ni ó rán Táyé pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, kí òun tó wá. Mo tẹ KEHINDE, mo pa á rẹ́. Mo wá nọ́mbà rẹ̀ káàkiri, mo rí fáìlì rẹpẹtẹ, mo ní ó dájú pé wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Mo gbá ibi àkọ́kọ́, mo gbá ìkejì, mo gbá ìkẹta. Aago iṣẹ́ lù, mo gbé báàgì mi, mo ń kọrin lọ sílé.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, Kẹ́hìndé yọ orí sí yàrá mi.

"Ràfíátù, ẹ̀rọ yìí ní òun ò mọ̀ mí o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Kí lo tún ń wá níbí? Ṣé kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde lo ń lọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Táyé mà ni wọ́n ń gbé lọ."

"Ẹ̀gbọ́n ni ìwé wí."

"Ta ló máa sọ fún òyìnbó pé èmi ni ẹ̀gbọ́n? Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn!"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń wo ojú mi. "Ràfíátù," ni ó wí, "máàkì mi ńkọ́?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìwé máàkì kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Tẹ́ẹ̀pù tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì wọ́n nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń ṣe ẹ̀dà sórí rẹ̀, èyí tí a ṣe kẹ́yìn sì ti wà kí Kẹ́hìndé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo jókòó, mo di orí mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi méje náà lóhùn rara bí ẹni tí ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, mo dìde wùyà.

"Kẹ́hìndé, ṣé o ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde?"

"Láti Túsìdeè! Ríbọ́ọ̀nù tó ń fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní yíǹkì ló tán, wọn ò tíì rí òmíràn rà."

Ó wà níbẹ̀! Mo tẹ nọ́mbà rẹ̀, mo sì rí i, gbogbo èsì náà, ó ń dúró de ríbọ́ọ̀nù. Ibi tí n kò tíì gbá ni ó gbà wá. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ dúpẹ́ ni Múfú tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò sí iná ní gbogbo Ìbarà láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ ni a ń lò tọ̀sán-tòru kí ẹ̀rọ má bàa kú.

"Àǹtí, ẹ pa ẹ̀rọ yín o. Dísẹ̀lì tó kù ò lè pé ogún ìṣẹ́jú. Mo ti lọ sí ilé epo mẹ́ta, wọn ò ní."

"Múfú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má pa á. Jẹ́ kí ó jó epo náà tán pátápátá."

"Ó máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, Àǹtí."

"Kí ó bà á jẹ́. Èmi ni kí o dárúkọ."

Mo gbé tẹ́ẹ̀pù òfìfo kan kọ́. Mo sọ fáìlì náà di tèmi, mo ní kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́ sórí tẹ́ẹ̀pù. Tẹ́ẹ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ìyára rẹ̀, wíwò ni. Kẹ́hìndé dúró lẹ́yìn mi, ó di èjìká mi mú, ó ń pe Jésù, èmi náà ń pe Ọlọ́hun Ọba. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Iná ń pọ́n, ó ń funfun. Ìlaró kọjá. Ìjẹ̀bú kọjá. Nígbà tí tẹ́ẹ̀pù dúró, tí ẹ̀rọ sì kọ ọ́ pé ó ti parí, mo já a yọ, mo gbá a mọ́ àyà. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo yàrá fi ṣókùnkùn biribiri, ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́. Èmi àti Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín, a sì ń sunkún pọ̀.

Iná padà dé ní ọ̀sán, Ọ̀gá náà sì dé. N kò dúró kí ẹlòmíràn sọ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ètè rẹ̀ ń mì, mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Níbo ni àwọn ìbejì náà wà ní àná?"

"Yàrá kejì ni, sà."

"Ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ibi tí o wà?"

"Ó lè tó mẹ́wàá, sà."

"Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni o kò lè rìn, Ràfíátù. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà."

Ó gba tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú kan, ó ní, "Omi dànù, agbè kò fọ́." Ó wá wọ yàrá òyìnbó lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń kó ẹrù mi sínú báàgì. Nígbà tí ó jáde, ó ní kí ni mo ń dúró wò, ṣé àwọn olùkọ́ ni ó máa wá tẹ èsì ara wọn ni? Wọ́n rí ríbọ́ọ̀nù ní Sátidé, a sì tẹ èsì náà jáde láti orí tẹ́ẹ̀pù. Èmi àti Kẹ́hìndé ka gbogbo rẹ̀ ní ìlà dé ìlà, kò sí ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ sọnù. Ní Mọ́ńdè, èrò kún iwájú ọ́fíìsì, àwọn kan ń fò, àwọn kan ń ju fìlà sókè. Ẹnì kankan nínú wọn kò mọ̀ pé bí òyìnbó ṣe ń ka ẹ̀gbọ́n ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di ẹni tí kò ṣèdánwò rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Dísìkì tó tóbi bí ọpọ́n ìfọṣọ, tí ọkùnrin ń fi agbára gbé, di pélébé tí mo lè kì bọ inú báàgì. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà kéékèèké dé, tí oníkálukú ní tirẹ̀ lórí tábìlì, àwọn èèyàn sì ní iṣẹ́ mi ti tán. Irọ́ ni. Ibi tí idọ̀tí kan wà tẹ́lẹ̀ ti di ogún ni. Mo di ọ̀gá kékeré, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí èyí tó jáde lábẹ́ mi tí kò kọ́kọ́ rìn lọ bá oní-nǹkan. Kò tún sí fáìlì kan tó sọnù lábẹ́ ọwọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo lè búra.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Gbogbo wa ti gbà pé Ọ̀gá Ṣówándé ni yóò di olórí ẹ̀ka wa, kò tún sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n mú wá láti ìta fi ṣe olórí, Ọ̀gá sì wà lójú kan náà títí àwọn ọdún 1980 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí ó fi fẹ̀yìn tì. A ní òṣèlú ni.

Èmi ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́ láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo kọ fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun gbogbo wà létòlétò bí ẹni tó ni wọ́n, àyàfi lẹ́tà kan tó dá wà níkọ̀rọ̀. Mo ṣí i láti mọ ẹni tí n ó fún. Òyìnbó ni ó kọ ọ́ sí, ní Fúráìdè tí à ń wí yìí. Ọ̀gá kọ ọ́ pé òun ni òun pàṣẹ fún Ràfíátù lórí tẹlifóònù láti Ìbàdàn pé kí ó pa orúkọ Kẹ́hìndé rẹ́, pé ọmọ náà ṣe ohun tí wọ́n rán an ni, àti pé bí ìyà kan bá wà, orí òun ni kí ó wá sí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí kò yé mi láti ọdún wọ̀nyẹn wá sì yé mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ó ti yẹ, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Kemta ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹrù yín kan ló ṣẹ́kù. Mo wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe sí i."

Ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kà á. Ó dá a padà fún mi. "Pa á rẹ́."

Mo kúnlẹ̀, omi ti ń dà lójú mi. "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, ẹ̀rù á máa bà ọ́ nígbàkigbà tí o bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn." Ó na ọsàn kan sí mi. "Dìde. Gba èyí, ó dùn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo wá nọ́mbà rẹ̀, mo sì pa lẹ́tà náà rẹ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.